Kí ló dé tí ààlà Nọ́wè àti Rọ́ṣíà fi bọ́ sínú odò kékeré Jakobselva?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ jíógíráfì ni mí, mo wà ní ọdún kejì. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú yan odò kan tó jẹ́ ààlà orílẹ̀-èdè méjì, kó sì ya máàpù rẹ̀. Jakobselva ni mo yan, lókè pátápátá níbi tí Nọ́wè ti parí. Ohun tí kò yé mi ni pé odò Pasvik tó tóbi jù ú lọ fíìfíì wà nítòsí, ààlà sì ni òun náà. Ṣùgbọ́n kí Pasvik tó dé òkun, ààlà já a sílẹ̀, ó gba orí òkè lọ bá odò tíńtín yìí. Ṣé torí pé Jakobselva ṣòroó rékọjá ni? Ṣé omi rẹ̀ máa ń dì? Mo fa ìlà ààlà gba àárín gbùngbùn odò náà, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Àbúrò mi, o káre. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo máàpù yẹn kọjá láìbéèrè ohun tí o béèrè yìí.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: kì í ṣe torí pé Jakobselva ṣòroó rékọjá. Gbogbo gígùn rẹ̀ kò tó 50 kìlómítà. Tí ìgbà ooru wọn bá ti wọra, ibi wà lára rẹ̀ tí àgbàlagbà lè wọ́ kọjá tí omi ò ní mù ún dé ìbàdí. Pasvik ni odò tó ṣòroó rékọjá, òun gan-an sì ni ààlà fi sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n fi igi kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ dé etí omi ná, torí ẹni tí kò mọ ìwà odò kò lè ya máàpù rẹ̀ kó péye.

Ìjọba ìbílẹ̀ Sør-Varanger ni odò náà wà, ní ẹkùn Finnmark. Kirkenes ni ìlú tó súnmọ́ ọn jù níhà Nọ́wè. Láti Kirkenes dé ẹnu odò tó nǹkan bí 60 kìlómítà, apá ìkẹyìn ọ̀nà náà sì ń bá odò rìn pọ̀: inú Nọ́wè ni wàá ti máa wa mọ́tò, Rọ́ṣíà ni wàá sì máa wò láti fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Orúkọ mẹ́ta ló ń jẹ́, kọ gbogbo wọn sórí máàpù rẹ. Àwọn ará Nọ́wè ń pè é ní Jakobselva, wọ́n sì máa ń fi "Grense", tó túmọ̀ sí ààlà, ṣíwájú rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún odò Jakobselv mìíràn tó wà ní Finnmark kan náà. Vorjema ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é. Àwọn Sámi, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ààlà, ń pè é ní Vuorjánjohka. "Johka" kò ju odò lọ ní èdè wọn. Pe orúkọ Rọ́ṣíà náà àti ti Sámi sókè, wàá gbọ́ bí wọ́n ṣe jọra tó.

Ẹnu odò yìí wà ní nǹkan bí 69.8 dígíríì àríwá àti 30.8 dígíríì ìlà-oòrùn. Nọ́ńbà kejì yẹn ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Istanbul, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹnu ọ̀nà Éṣíà, wà ní nǹkan bí 29 dígíríì. Kàìrò wà ní nǹkan bí 31. Èyí ni pé Nọ́wè, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwọ̀-oòrùn ló wà pátápátá, gùn ní òkè yípo Swídìn àti Fínlándì títí ó fi dé ọ̀kánkán Íjíbítì. Aago Nọ́wè sì ni aago Ọ́sílò, nígbà tí bèbè kejì ń lo aago Mọ́sìkò. Tí aago bá lù méjìlá ọ̀sán ní bèbè ìwọ̀-oòrùn nígbà òtútù, aago méjì ti lù ní bèbè ìlà-oòrùn. Nígbà ooru, ìyàtọ̀ náà á di wákàtí kan, torí Nọ́wè máa ń sún aago tirẹ̀ síwájú, Rọ́ṣíà kì í sún tirẹ̀.

Ó yá, omi dídì. Àwa tí a dàgbà sétí odò ilẹ̀ wa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la fi ń mọ ìgbà tí odò máa kún àti ìgbà tó máa fà. Ní Jakobselva, òtútù àti ooru ló ń pàṣẹ. Láti bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù karùn-ún, yìnyín ló bo ojú rẹ̀. Omi ń ṣàn lábẹ́, ṣùgbọ́n ó kéré, torí gbogbo ohun tó ń rọ̀ láti ojú ọ̀run ló ń dúró sórí òkè bí òwú, kò ṣàn lọ sí ibì kankan. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di bí àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ rárá. Ìmọ́lẹ̀ ráńpẹ́ tó dà bí ti ìdájí ló máa ń wà lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó tún ṣú.

Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo á wá yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti àárín oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀. Yìnyín tí òtútù fi oṣù méje kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tọ̀sán-tòru, kò sí alẹ́ tó máa tún un dì. Yìnyín ojú odò á sán, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn fọ́nrán tó tóbi tó ilẹ̀kùn á máa gbá òkúta ìsàlẹ̀ gbì, gbì, omi á pọ́n bí omi ẹ̀kọ yangan pupa, á sì kún dé gbòǹgbò igi etí bèbè. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ omi ọdún náà ń kọjá. Tó bá fi di oṣù kẹjọ, omi á ti mọ́ gaara, wàá máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti orí bèbè.

Ìdí tó fi ń kún kíá tó sì ń fà kíá wà nínú ilẹ̀ tó ń gbà kọjá. Àpáta ibẹ̀ wà lára èyí tó gbó jù ní Yúróòpù, ó lé ní 2.5 bílíọ̀nù ọdún. Yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ha gbogbo erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ, èyí tó kù kò ní ìjìnlẹ̀, kò sì lè fa omi mu pamọ́. Odò náà kò sì ní adágún ńlá tó ń bọ́ ọ. Fi wé Pasvik: inú adágún Inari ní Fínlándì ni Pasvik ti ń bọ̀, adágún tó fẹ̀ ju 1,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Inari dà bí ìkòkò àmù ńlá inú ilé, bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀, omi wà ńlẹ̀. Jakobselva kò ní àmù. Ohun tó bá yọ́ lónìí ló ń ṣàn lọ lónìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ́ ibùdó iná mànàmáná méje sórí Pasvik, Rọ́ṣíà ní márùn-ún, Nọ́wè ní méjì, tí Jakobselva fi ń ṣàn lọ ní tirẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu jù rèé: odò dì, òkun kò dì. Òkun Barents ni Jakobselva ń wọ̀, lókè Àyíká Àríwá níbẹ̀ yẹn, síbẹ̀ etíkun náà kì í dì nígbà òtútù. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti Àtìláńtíìkì ló ń gba etíkun Nọ́wè gòkè, ó sì ń yí orí Nọ́wè wọ Òkun Barents. Òun náà ni ìjọba Rọ́ṣíà rí tí wọ́n fi dá ìlú Murmansk sílẹ̀ ní 1916, kí wọ́n lè ní èbúté tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí lójúmọ́ gbogbo. Omi odò ni kò ní iyọ̀, tí kò jìn, tí kò sì rí ẹni fún un ní ooru. Nítorí náà, bí o bá dúró sẹ́nu Jakobselva ní oṣù kẹta, odò funfun tó le bí òkúta ló máa wà lẹ́yìn rẹ, òkun dúdú tó ń ru ló máa wà níwájú rẹ, iyanrìn funfun sì wà láàrin wọn. Òkun ibẹ̀ ń kún ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àlàfo láàrin kíkún àti fífà rẹ̀ sì lè ju mítà méjì lọ, nítorí náà ẹnu odò kì í dúró sójú kan. Fi àmì iyanrìn sí i lórí máàpù rẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì wá kàn.

Kí ọdún 1826 tó dé, ilẹ̀ yẹn kò ní ààlà rárá. Àwọn Sámi tí wọ́n ń pè ní Skolt ló ni ín. Nígbà òtútù wọ́n ń gbé ìnú igbó lọ́hùn-ún. Tí ooru bá dé, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá sí etíkun àti ẹnu odò láti pẹja. Wọ́n ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọba ìhà Nọ́wè àti ọba Rọ́ṣíà jọ ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn èèyàn kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ní 1825, aṣojú méjì rin ilẹ̀ náà láti wò ó: Johan Henrik Spørck fún Nọ́wè, tó wà lábẹ́ ọba kan náà pẹ̀lú Swídìn nígbà yẹn, àti Valerian Galyamin fún Rọ́ṣíà. Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ní St. Petersburg ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, 1826.

Odò tí ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ lọ sí ni Pasvik, bí ojú tìrẹ náà ti lọ síbẹ̀: ó tóbi, ó gùn, ó sì dé òkun. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì Boris àti Gleb wà ní bèbè ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, níhà tí yóò bọ́ sọ́wọ́ Nọ́wè. Boris àti Gleb jẹ́ ọmọ ọba Rọ́ṣíà àtijọ́ méjì tí wọ́n pa ní 1015, tí ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì sì sọ di ẹni mímọ́. Ìtàn sọ pé Trifon, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn láti Pechenga tó ṣèrìbọmi fún àwọn Skolt, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1565. Rọ́ṣíà kò ní gbà kí ilé Ọlọ́run tó ti dúró ju 250 ọdún lọ bọ́ sí ilẹ̀ ọba mìíràn. Wọ́n bá di nǹkan bí 3.6 kìlómítà níbùú lóròó mú yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká, ní bèbè tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹni tó bá gbà gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíì náà. Wọ́n fi gbogbo ilẹ̀ tó wà láàrin ìsàlẹ̀ Pasvik àti Jakobselva dí i fún Nọ́wè. Ohun tí o rí lórí máàpù nìyẹn: ààlà ń bá Pasvik bọ̀ láti gúúsù, ó dé Boris Gleb, ó rékọjá lọ yí ṣọ́ọ̀ṣì po ní ìwọ̀-oòrùn, ó padà, ó wá fi Pasvik sílẹ̀ pátápátá. Láti ibẹ̀ títí dé òkun, Nọ́wè nìkan ló ni Pasvik. Ààlà wá gba orí òkè àti àfonífojì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Storskog, ibi kan ṣoṣo tí òfin fàyè gbà kí ènìyàn gba orí ilẹ̀ kọjá láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì, títí ó fi bá Jakobselva, tó sì tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun. Ilẹ̀ tí Nọ́wè gbà fẹ̀ ju èyí tí Rọ́ṣíà dì mú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Èmi kì í pe ìyẹn ní ọgbọ́n tàbí òmùgọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe iyebíye lójú àwọn kan ni ṣọ́ọ̀ṣì, lójú àwọn kejì etíkun ni.

Àwọn Skolt ló san gbèsè rẹ̀. Ilẹ̀ òtútù wọn bọ́ síhà kan, ibi ìpẹja wọn bọ́ síhà kejì. Ẹni tó bá mọ bí odò Òkpárá ṣe wà láàrin Ṣábẹ̀ẹ́ àti ìhà Ṣakí, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà lápá méjèèjì, tí bébà àwọn òyìnbó sì sọ wọ́n di ará orílẹ̀-èdè méjì, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Odò tó kéré báyìí kò lè fúnra rẹ̀ sọ fún apẹja pé ààlà rèé. Láàrin ọdún 1860 sí 1869, ẹ̀sùn pọ̀ pé àwọn apẹja ará Rọ́ṣíà ń wọ omi Nọ́wè. Ìjọba Nọ́wè rò ó bóyá kí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun kan síbẹ̀, àbá tó borí sì ni pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi òkúta kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1869, kò jìnnà sí ẹnu odò. Ọba Oscar Kejì bẹ̀ ẹ́ wò ní 1873, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ títí dòní. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀ṣì onígi ló gbé ààlà wá sínú Jakobselva, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta ló sì dè é mọ́bẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì ni màá kọ́kọ́ yà sórí máàpù náà, kí n tó ya odò.

Láti 1826, ìlà yẹn kò kúrò nínú odò, àwọn aládùúgbò ló ń yí padà. Rọ́ṣíà ti àwọn ọba ló kọ́kọ́ wà ní bèbè kejì. Láti 1920, Fínlándì ni, torí àdéhùn Tartu fún wọn ní ilẹ̀ Petsamo. Ní 1944 Fínlándì pàdánù Petsamo, Sófíẹ̀tì gbà á; ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni ọmọ ogun Sófíẹ̀tì lé àwọn Jámánì kúrò ní Kirkenes. Nọ́wè wọ NATO ní 1949, bí odò tí èèyàn lè wọ́ kọjá yìí ṣe di ibi tí agbo ológun méjì ayé ti ń wo ojú ara wọn nìyẹn. Láti 1991, Rọ́ṣíà ló tún wà níbẹ̀.

Wàá rí òpó ààlà ní bèbè méjèèjì, méjì-méjì tí wọ́n kọjú síra: ti Nọ́wè jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ti Rọ́ṣíà jẹ́ pupa àti àwọ̀ ewé ní ìlà-ìlà. Òfin Nọ́wè kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá, kò sì gbà kí o ju nǹkan kan sí òdìkejì, kódà òkúta. Ọmọdé tó ń ṣeré létí odò lè ju òkúta dé Rọ́ṣíà láìsí wàhálà, ìdí tí òfin náà fi wà nìyẹn.

Ẹja náà yẹ kó wà nínú iṣẹ́ rẹ. Ẹja salmon ti Àtìláńtíìkì máa ń ti òkun gòkè wọ Jakobselva láti yé ẹyin. Ṣùgbọ́n láti bí 1956, àwọn Sófíẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi kan láti Pàsífíìkì wá sí àgbègbè Murmansk, èyí tí ẹ̀yìn akọ rẹ̀ máa ń yọ iké tó bá ti fẹ́ yé ẹyin. Ọdún méjì péré ni ẹja yìí ń lò láyé, ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ aláìlẹ́gbẹ́ ló sì ń rọ́ wọ odò Finnmark. Ní 2017 wọ́n pọ̀ débi tó ba àwọn èèyàn lẹ́rù. 2019, 2021 àti 2023 náà, wọ́n tún dé. Tí wọ́n bá yé ẹyin tán, gbogbo wọn á kú. Odò tó mọ́ gaara á kún fún òkú ẹja tí ara wọn ti funfun, tí ojú wọn ti wọnú, tí wọ́n há sáàrin òkúta, òórùn wọn á sì gba etí omi kan. Àwọn ará Nọ́wè ń dẹ pàkúté sínú odò láti yọ wọ́n kúrò, kí salmon tó ni odò lè ráyè. Bèbè kan ṣoṣo ni wọ́n sì láṣẹ lé lórí.

Bákan náà ni èéfín. Ní ìlú Nikel, tí kò jìnnà sí ààlà níhà Rọ́ṣíà, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ nickel fi ọ̀pọ̀ ọdún tú èéfín imí-ọjọ́ sí afẹ́fẹ́. Òjò àti yìnyín gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Jarfjord tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò wa yìí, àwọn adágún kéékèèké ibẹ̀ sì di ásíìdì, torí àpáta ibẹ̀ kò ní ẹfun tó lè pa ásíìdì náà. Wọ́n ti ilé ìyọ́rin náà ní oṣù kejìlá 2020.

Ó ku ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, ìlà àárín odò. O kò ṣe é dáadáa, àbúrò, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni. Ìlà ààlà kò gba àárín gbùngbùn. Ibi tí odò ti jìn jù ló ń gbà, níbi tí omi púpọ̀ ń bá kọjá. Tí odò bá yí kọ́rọ́, ibi tó jìn jù máa ń súnmọ́ bèbè ìta kọ́rọ́ náà, torí ibẹ̀ ni omi ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ń kó iyanrìn jọ sí bèbè inú. Nítorí náà ìlà rẹ gbọ́dọ̀ máa fì, lápá ọ̀tún níbí, lápá òsì lọ́hùn-ún. Yìnyín tó ń fọ́ tí ooru bá dé sì lè ti òkúta àti iyanrìn kúrò láyè rẹ̀, èyí ló fi jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ní láti máa padà wá wọn odò náà. Wọ́n ṣe é ní 1947, lẹ́yìn tí Sófíẹ̀tì di aládùúgbò.

Má sì dá ìlà náà dúró sí ẹnu odò. Láti ẹnu Jakobselva ni ààlà inú òkun ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́wè àti Rọ́ṣíà fi nǹkan bí 40 ọdún ṣàríyànjiyàn lórí bí ààlà náà ṣe máa lọ, lórí omi tó fẹ̀ tó nǹkan bí 175,000 kìlómítà níbùú lóròó, tó kún fún ẹja, tí wọ́n sì rò pé epo àti gáàsì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n parí ti inú Varangerfjord, apá òkun tó wà níwájú ẹnu odò, ní 2007, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìyókù ní Murmansk ní oṣù kẹsàn-án 2010. Tí bébà rẹ bá gba á, fa ìlà náà jáde láti inú iyanrìn ẹnu odò, kó gba Varangerfjord kọjá, kó sì kọrí sí àríwá títí bébà á fi tán.